Tùbíyọ̀n Méjì Nínú Aago Ọwọ́ Kan

Aago ọwọ́ tí kò lo bátìrì, èyí tí sípíríǹgì inú rẹ̀ nìkan ń gbé ṣiṣẹ́, kì í rìn bákan náà ní gbogbo ipò tí a bá gbé e sí. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ kọjú sókè, ó lè máa fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yára lóòjọ́. Bí a bá gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lè máa falẹ̀. Bí a bá sì tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó lè padà máa yára, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Òòfà ilẹ̀, agbára tó ń fa ohun gbogbo wá sísàlẹ̀, wà lára ohun tó ń fa èyí. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn oníṣẹ́ aago ti ń bá a fà á, ohun tó sì díjú jù lọ tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láti fi dá a lóhùn ni tùbíyọ̀n, àgàgà nígbà tí ó bá di méjì nínú aago kan ṣoṣo. Owó irú aago bẹ́ẹ̀ lè kọ́lé, àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ a sì máa tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, síbẹ̀ èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò le láti lóye: ẹni tó ṣe é ti gbà pé àṣìṣe kò ní tán, ó sì wá ọ̀nà tí yóò fi máa pín àṣìṣe náà kiri títí tí apá kan rẹ̀ yóò fi pa apá kejì rẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí aago onísípíríǹgì ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú àgbá kékeré kan ni sípíríǹgì ńlá wà, irin pẹlẹbẹ gígùn tí a ká jọ. Nígbà tí ẹni tó ni aago bá ń yí kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì yìí ni ó ń ká mọ́ra sí i, tí agbára sì ń wọ inú rẹ̀. Bí ó ti ń gbìyànjú láti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń yí àgbá, àgbá ń yí jíà, jíà kan sì ń yí òmíràn títí dé ìdí ọwọ́ aago. Bí kò bá sí ohun tó dá a lọ́wọ́ kọ́, gbogbo agbára náà yóò tú dànù lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ aago yóò sì sáré yíká títí yóò fi dákẹ́. Ohun tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́ ni ẹ̀yà kan tí a lè fi wé oníbodè ayé àtijọ́, ẹni tí kì í jẹ́ kí èrò rọ́ wọ ìlú, tí ó jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbà wọ́n kọjá. Oníbodè inú aago ní kẹ̀kẹ́ eléyín kan àti ìwọ̀ alápá méjì. Ìwọ̀ yìí ń mú eyín kan, ó ń dá a dúró, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì tún ń mú òmíràn, ìró ìmú àti ìjọ̀wọ́ yìí sì ni etí ń gbọ́ nígbà tí aago bá ń dún.

Oníbodè kò dá ṣe ìpinnu. Kẹ̀kẹ́ kan wà tí ó ń sọ ìgbà tí yóò mú àti ìgbà tí yóò jọ̀wọ́ fún un, kẹ̀kẹ́ tí kì í yí sí ìhà kan ṣoṣo, tí ó ń fì lọ tí ó sì ń fì bọ̀ láìdáwọ́ dúró, tí a ó sì máa pè ní kẹ̀kẹ́ alọbọ̀ nínú àròkọ yìí. Sípíríǹgì tín-ín-rín kan bí irun orí ni ó so mọ́ ọn láàrin. Bí kẹ̀kẹ́ bá fì lọ, sípíríǹgì a fà á padà, bí ó bá sì kọjá síhà kejì, sípíríǹgì a tún fà á wá. Christiaan Huygens, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó gbé irú sípíríǹgì yìí jáde ní ọdún 1675, láti ìgbà náà sì ni aago àpò ti di ohun tí ènìyàn lè fọkàn tẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ aago tí a ṣe dáradára, kẹ̀kẹ́ alọbọ̀ ń fì ní ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, ìyẹn ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí ìgbà 432,000 lóòjọ́. Nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ni ó wà nínú ọjọ́ kan, àṣìṣe tí kò ju ẹyọ kan lọ nínú ẹgbàárùn-ún ti tó láti mú kí aago fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ó lé yẹ̀ lóòjọ́, èyí tó fi hàn bí àyè tí oníṣẹ́ aago ní láti ṣe àṣìṣe ti há tó.

Ara kẹ̀kẹ́ alọbọ̀ yìí ni òòfà ilẹ̀ ti ń rí ojú ọ̀nà. Bó ti wù kí oníṣẹ́ mọ iṣẹ́ tó, kò lè ṣe kẹ̀kẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba yíká pátápátá. Ibì kan yóò fi ìwọ̀n tí ojú kò lè rí wúwo ju ibi yòókù lọ. Sípíríǹgì tín-ín-rín náà tún dá kún un, nítorí pé bí ó ti ń ká tí ó sì ń tú, kì í fẹ̀ bákan náà sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí aago bá wà ní ìdùbúlẹ̀, ọ̀pá àárín kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán, ibi tó wúwo àti ibi tó fúyẹ́ wà ní ìpele kan náà, òòfà kò sì rí ẹ̀gbẹ́ kan fà ju ìkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé aago dúró, ọ̀pá àárín a di ohun tó dùbúlẹ̀, ibi tó wúwo nínú kẹ̀kẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sọ̀ kalẹ̀, òòfà a sì máa tì í nígbà tó ń sọ̀, a máa dí i lọ́wọ́ nígbà tó ń gòkè. Bí ibi tó wúwo náà bá wà nísàlẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá sinmi, aago yóò yára. Bí ó bá wà lókè, yóò falẹ̀. Èyí nìkan kò sì tún tó, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń fì jìnnà ju nǹkan bíi dígírì 220 lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà a dojú kodò, èyí tó ń yára a wá di èyí tó ń falẹ̀. Sípíríǹgì ńlá kò sì ní agbára kan náà ní àárọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a àti ní alẹ́ tí ó ti tú dé ìdajì, nítorí náà ìfì kẹ̀kẹ́ kò lè gùn bákan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Abraham-Louis Breguet ni ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn yọ sí ìṣòro náà. Neuchâtel ní Swítsàlandì ni wọ́n bí i sí ní 1747, ṣùgbọ́n Paris ni ó ti gbajúmọ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní Quai de l'Horloge létí odò Seine, tí àwọn ọba àti ọ̀gágun ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ń ra aago lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé le, ó padà sí Swítsàlandì láti 1793 sí 1795, lẹ́yìn ìyẹn ni ó sì tún padà sí Paris pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò tuntun. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1801, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ ọdún mẹ́wàá lórí ìhùmọ̀ tí ó pè ní tourbillon, ọ̀rọ̀ Faransé fún ààjà, èyí tí a kọ sílẹ̀ níhìn-ín bíi tùbíyọ̀n. Àwọn mìíràn ń làkàkà láti ṣe kẹ̀kẹ́ tí kò ní àbùkù. Breguet gbà pé àbùkù yóò wà, ohun tí ó sì ń bi ara rẹ̀ ni bí àbùkù náà kò ṣe ní lè pẹ́ lójú kan. Aago àpò ni gbogbo ènìyàn ń lò nígbà náà, inú àpò ẹ̀wù ni ó sì máa ń wà ní ìdúró láti òwúrọ̀ dalẹ́, nítorí náà bí òòfà bá ti rí ẹ̀gbẹ́ kan fà, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni yóò máa fà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó kó kẹ̀kẹ́ alọbọ̀, sípíríǹgì rẹ̀ àti oníbodè pọ̀ sínú àkámọ́ irin kékeré kan, ó sì mú kí àkámọ́ náà fúnra rẹ̀ máa yí. Nínú aago lásán, jíà kẹrin láti ìdí àgbá ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ oníbodè. Nínú tùbíyọ̀n, wọ́n kan jíà kẹrin yìí mọ́lẹ̀ tí kò lè yí mọ́, jíà kẹta ń yí àkámọ́, kẹ̀kẹ́ oníbodè tó wà nínú àkámọ́ sì ń fi eyín rẹ̀ gun orí jíà tó dúró náà bí wọ́n ti ń gbé e yí i ká, èyí tó ń mú kí òun náà máa yí. Agbára kan ṣoṣo ni ó tipa bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń gbé àkámọ́ yíká, ó sì ń bọ́ kẹ̀kẹ́ alọbọ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ, àkámọ́ ń yí yíká tán láàrin ìṣẹ́jú kan, tí ó fi jẹ́ pé wọ́n lè gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá lé e lórí. Breguet náà ṣe àwọn mìíràn tí ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ẹni tí ó bá wo ó lójú lásán yóò rò pé àkámọ́ ń lọ geere, ṣùgbọ́n nítorí pé oníbodè ń dá a dúró nígbà gbogbo tí kẹ̀kẹ́ bá fì, ìṣísẹ̀ 300 ni ó ń gbé kí ó tó yíká lẹ́ẹ̀kan nínú aago tí ń fì ní ìgbà 18,000 ní wákàtí.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ká ní aago kan ń yára ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lóòjọ́ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sókè, tí ó sì ń falẹ̀ ní mẹ́rin nígbà tí a bá dorí rẹ̀ kodò. Láìsí tùbíyọ̀n, ẹni tó fi í sápò ní ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ yóò jèrè mẹ́rin náà lódindi. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà nínú àkámọ́ tó ń yí, yóò kọjú sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ láàrin ìṣẹ́jú kan, mẹ́rin tó jèrè àti mẹ́rin tó pàdánù yóò sì pa ara wọn rẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹ́ ku nǹkan kan lẹ́yìn ìpíndọ́gba, àṣẹ́kù náà yóò jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ìdúró, àṣìṣe tí kì í yí padà sì ni ó rọrùn jù fún oníṣẹ́ aago láti tún ṣe, nítorí pé yóò kàn yí ìwọ̀n gígùn tàbí agbára sípíríǹgì tín-ín-rín náà díẹ̀ ni. Níhìn-ín ni iyì Breguet wà: ó sọ àṣìṣe tó ń yí kiri di èyí tó dúró.

Síbẹ̀ kò yá láti ṣe. Láti 1805, tí wọ́n kọ́kọ́ tà á, títí di 1823, ọdún tí Breguet kú, nǹkan bíi márùndínlógójì péré ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ tà. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ni ó kọ́ sínú aago tí John Arnold, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ oníṣẹ́ aago ní London, ti ṣe, ó sì fi í ta ọmọ Arnold lọ́rẹ ní 1808 lẹ́yìn ikú bàbá. British Museum ni aago yẹn wà lónìí. Ní ọdún 1892, Bahne Bonniksen, ọmọ Dẹ́nmáàkì tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú èyí tó rọrùn díẹ̀ láti ṣe. Ní 1920, Alfred Helwig ní ìlú Glashütte ní Jámánì ṣe èyí tí àkámọ́ rẹ̀ ní ìdúró ní ìsàlẹ̀ nìkan, tí kò sí afárá irin kankan lókè tó dí ojú. Nígbà tí aago kúrò nínú àpò tó bọ́ sí ọrùn ọwọ́, àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ kà á sí: ilé iṣẹ́ Omega ṣe ẹ̀rọ tùbíyọ̀n méjìlá ní 1947 fún ìdíje àwọn ilé ìwòràwọ̀, níbi tí wọ́n ti ń dán aago wò fún ìpéye, kì í ṣe fún títà lọ́jà, ó sì di 1986 kí ilé iṣẹ́ Audemars Piguet tó gbé aago ọwọ́ oní-tùbíyọ̀n tó ń ká ara rẹ̀ jáde ní iye tó ju ẹyọ kan lọ.

Ọrùn ọwọ́ sì ti yí ìbéèrè náà padà. Aago ọwọ́ kì í wà ní ìdúró bíi ti àpò; ọwọ́ ń ṣí kiri, ó ń gbé aago sókè, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń fì í, títí tí ìṣípòpadà yìí fúnra rẹ̀ fi ń ṣe lára iṣẹ́ tí tùbíyọ̀n wà fún. Ìgbà tí ọwọ́ bá sinmi lórí tábìlì, tàbí tí a bọ́ aago sílẹ̀ lálẹ́, ni ìṣòro kù sí, aago a sì sábà máa wà ní ìdùbúlẹ̀ nígbà náà. Tùbíyọ̀n àtijọ́ kò lè ṣe ohunkóhun nígbà tí aago bá dùbúlẹ̀, nítorí pé àkámọ́ àti kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ jọ dùbúlẹ̀ ni, yíyí rẹ̀ kò sì gbé kẹ̀kẹ́ náà sí ipò tuntun kankan. Àwọn tó sọ pé tùbíyọ̀n lásán kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún aago ọwọ́ ní ẹ̀rí tó dájú lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lónìí sì wà fún ìdùnnú ojú nìkan. Láti inú àríwísí yìí gan-an ni tùbíyọ̀n méjì ti rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó wà.

Anthony Randall, oníṣẹ́ aago ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ronú tùbíyọ̀n tó ń yí lórí ọ̀pá méjì ní ìparí àwọn ọdún 1970, Richard Good sì ṣe ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí ó tó di ohun tó lè wọ inú aago ọwọ́. Robert Greubel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Stephen Forsey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn ní 1999 ní Swítsàlandì, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2004, ọdún kan náà tí wọ́n gbé aago tí wọ́n pè ní Double Tourbillon 30° jáde. La Chaux-de-Fonds ni ilé iṣẹ́ náà wà, ìlú orí òkè tí iná jó ní 1794, tí wọ́n sì tún kọ́ ní òpópó gbọọrọ gbọọrọ tó jọ ń lọ ní ìbú kan náà, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè máa wọ ojú fèrèsé àwọn oníṣẹ́ aago. Ní 2009 ni àjọ UNESCO kọ ọ́ pẹ̀lú ìlú Le Locle sára àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé nítorí ìlànà ìkọ́lé yìí.

Nínú aago tí àwọn méjèèjì ṣe, àkámọ́ kan wà nínú àkámọ́ kan. Èyí tó wà nínú, tí ó gbé kẹ̀kẹ́ alọbọ̀ àti oníbodè, kò dúró ṣánṣán: ó fì sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 30, ó sì ń yí yíká tán ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wà lóde, tó gbé ti inú dání, ń yí yíká ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Dígírì 30 yìí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Bí a bá tẹ́ aago náà sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ alọbọ̀ kò ní dùbúlẹ̀ bíi ti àtijọ́. Yóò ṣì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òòfà yóò rí i fà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí àkámọ́ méjèèjì ti ń yí ni ìfà náà ń kan ẹ̀gbẹ́ gbogbo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba sì tún ń wáyé. Bí a bá gbé aago dúró, kẹ̀kẹ́ kò ní wà ní ìdúró ṣánṣán títí. Àkámọ́ òde yóò máa gbé e láti ìfì kan bọ́ sí òmíràn láàrin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àǹfààní mìíràn tún wà tí kò hàn sójú: nígbà tí aago lásán bá dùbúlẹ̀, ṣóńṣó ọ̀pá kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó ń fara kan béárìn rúbì tó gbé e, nígbà tó bá sì wà ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà ni ó ń ha á, tí ìfì kẹ̀kẹ́ a sì dín kù, kẹ̀kẹ́ tó fì nígbà gbogbo ń dín ìyàtọ̀ láàrin ipò méjèèjì yìí kù. Àkámọ́ méjèèjì pọ̀ ní ẹ̀yà 128, síbẹ̀ àpapọ̀ ìwúwo wọn kò tó giramu kan ààbọ̀, nítorí pé ohunkóhun tó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò gbé gbogbo agbára sípíríǹgì jẹ.

Ẹ̀rí tó yẹ kí a bèèrè lọ́wọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ṣé ó péye ní tòótọ́. Ní Le Locle, wọ́n tún ìdíje àgbáyé lórí ìpéye aago bẹ̀rẹ̀ ní 2009, níbi tí wọ́n ti ń dán aago wò ní onírúurú ipò, tí wọ́n sì tún ń wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbò ó, tí wọ́n sì ti gbé e súnmọ́ irin òòfà. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, tùbíyọ̀n ẹyọ kan ti ilé iṣẹ́ Jaeger-LeCoultre ni ó gba ipò kìíní pẹ̀lú máàkì 909 nínú 1,000, ó sì ṣíwájú èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe tí àkámọ́ rẹ̀ ń yí lórí ọ̀pá méjì. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn, pé kí àkámọ́ pọ̀ kò túmọ̀ sí pé aago yóò péye. Ní 2011, Double Tourbillon ti Greubel Forsey gba máàkì 915. Ìyàtọ̀ máàkì mẹ́fà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀rọ tó díjú tó bẹ́ẹ̀ lè dúró níwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì yege, èyí tí ọ̀pọ̀ aago olówó gọbọi kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ilé iṣẹ́ Breguet ti òde òní sì gba ọ̀nà mìíràn. Nínú aago Classique 5347 tí wọ́n gbé jáde ní 2006, àti nínú 5345 Quai de l'Horloge tó tẹ̀ lé e ní 2020, tùbíyọ̀n méjì tó dá dúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àgbá sípíríǹgì tirẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó wà nínú èkejì. Nítorí pé kò sí kẹ̀kẹ́ alọbọ̀ méjì tó lè rìn bákan náà pátápátá, ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn tí yóò la ìjà wọn, ohun náà sì ni dìfẹ́rẹ́ńṣà, irú ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa ní ìdí ọkọ̀, tó ń jẹ́ kí táyà méjì yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà. Nínú ọkọ̀, ó ń pín agbára ẹyọ kan sí méjì. Nínú aago, ó ń gba ìrìn méjì, ó sì ń yọ ìpíndọ́gba wọn. Bí tùbíyọ̀n kan bá yára ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lóòjọ́, tí èkejì sì falẹ̀ ní méjì, méjì péré ni ọwọ́ aago yóò fi yára.

Ibi tí èyí wá gbé dára lójú jù lọ ni pé àwo tó gbé tùbíyọ̀n méjèèjì kò dúró lójú kan: gbogbo rẹ̀ ń yí pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí méjìlá, ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ afárá tó so wọ́n pọ̀ sì ni ọwọ́ wákàtí. Ẹ̀rọ náà kò fara pamọ́ sẹ́yìn ojú aago, òun gan-an ni ojú aago. Aago 5345 náà fẹ̀ tó mílímítà 46, platinum ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ẹ̀yà inú ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ 738, irin tó bo àgbá méjèèjì jọ lẹ́tà B ti orúkọ Breguet, wọ́n sì fi ọwọ́ ya àwòrán ilé 39 Quai de l'Horloge sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ilé náà ti rí nígbà ayé ọ̀gá náà.

Bí a bá gbé ọ̀nà méjèèjì yẹ̀ wò láìṣe ojúsàájú, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ìpíndọ́gba láàrin tùbíyọ̀n méjì lè dín àṣìṣe tí kò ní ètò kù sí nǹkan bí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò kéré, ṣùgbọ́n méjèèjì ṣì jọ ń dùbúlẹ̀ nígbà tí aago bá dùbúlẹ̀, ìbéèrè tí ọrùn ọwọ́ béèrè kò sì tíì rí èsì. Àkámọ́ tó fì ní dígírì 30 ń dáhùn ìbéèrè náà gan-an, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a kà á sí ìhùmọ̀ tó jinlẹ̀ jù, bí ti Breguet tilẹ̀ wu ojú jù ú lọ. Aago tí a bá kàn gbé tùbíyọ̀n méjì sínú rẹ̀ láìsí ìfì, láìsí dìfẹ́rẹ́ńṣà tàbí ohun mìíràn tó mú wọn ṣe àjọṣe, kò ní ohun tó fi kọjá ọ̀ṣọ́. Greubel Forsey tilẹ̀ pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀ ní 2005, nígbà tí wọ́n fi dìfẹ́rẹ́ńṣà so tùbíyọ̀n alákàámọ́ méjì méjì pọ̀, tí ó fi di mẹ́rin nínú aago ọwọ́ kan.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fò ni ọ̀rọ̀ agbára. Àkámọ́ jẹ́ ẹrù, ẹrù tí a ń gbé tí a sì ń dá dúró ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àkámọ́ kejì sì tún jẹ́ ẹrù lórí ẹrù. Ìdí nìyẹn tí irú aago bẹ́ẹ̀ fi ń ní ju àgbá sípíríǹgì kan lọ, tí wọ́n sì ń fi titanium tàbí irin mìíràn tó fúyẹ́ ṣe àkámọ́. Bí agbára bá pọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ alọbọ̀ yóò fì kọjá ààlà; bí ó bá kéré jù, yóò rọ, gbogbo ìṣirò lórí òòfà yóò sì dàrú, nítorí pé bí a ti sọ ṣáájú, ìwọ̀n ìfì ni ó ń sọ bóyá ibi tó wúwo yóò mú aago yára tàbí kí ó falẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ jù lọ ṣì kù. Etí afárá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́ dígírì 45, tí wọ́n sì ń dán títí yóò fi tàn. Ibi tí etí méjì bá ti pàdé ní kọ̀rọ̀ inú, ẹ̀rọ kò lè dé ibẹ̀, àfi fáìlì àti igi kékeré lọ́wọ́ ènìyàn. Irin tó gbé àkámọ́ mọ́ra ni wọ́n ń fi ọwọ́ ha lórí àwo tánńganran tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lúbúlúbú dáyámọ́ńdì kùn, títí tí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dúdú bí a bá wò ó láti ìhà kan, tí ó sì ń kọ mànà bí a bá wò ó láti ìhà kejì. Irin kan tí kò gùn tó èékánná lè gba odidi ọjọ́. Kò sí ọ̀kan nínú èyí tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá kún ìpéye aago, ṣùgbọ́n níbi yìí gan-an ni owó púpọ̀ ń lọ, ó sì tọ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àkókò ẹni tó mọ iṣẹ́ ni ẹni tó ń ra aago náà ń san owó lé lórí.

Bí ó bá jẹ́ ìpéye nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ti parí láti ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1969, nígbà tí ilé iṣẹ́ Seiko ní Jàpáàn gbé aago ọwọ́ oníkúọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ sí ọjà. Kúọ́ọ̀tì jẹ́ irú òkúta kan tó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀ nígbà tí iná bátìrì bá kàn án, ìgbà 32,768 ni ó sì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ọ̀pọ̀ aago lónìí. Aago bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá títì lè má yẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lóṣù. Aago onísípíríǹgì tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí ìpéye ní Swítsàlandì, lẹ́yìn àyẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ipò márùn-ún àti ìgbóná mẹ́ta, ní àyè láti falẹ̀ ní mẹ́rin tàbí kí ó yára ní mẹ́fà lóòjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ra tùbíyọ̀n méjì kò ra ìpéye tí kò lè rí níbòmíràn. Ó ra ẹ̀rí pé ọwọ́ ènìyàn, irin àti sípíríǹgì, láìsí iná kankan, lè súnmọ́ ìpéye dé ibi tí wọ́n lè dé.

Ohun tó yẹ kí ó jẹni lógún ju owó lọ ni àwọn tí yóò máa tún un ṣe. Aago bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ di títú ní ọdún mélòó kan sí ara wọn, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi òróró tuntun sí i, ẹni tó lè tú àkámọ́ méjì tó wà nínú ara wọn, kí ó sì tún wọn tò láìba sípíríǹgì tín-ín-rín náà jẹ́, kò pọ̀ rárá. Greubel àti Forsey pẹ̀lú Philippe Dufour, ọ̀gá oníṣẹ́ aago ọmọ Swítsàlandì, rí ewu náà, wọ́n sì mú Michel Boulanger, olùkọ́ iṣẹ́ aago ní Paris, wọ́n kọ́ ọ fún ọdún mélòó kan bí a ti ń fi irinṣẹ́ ọwọ́ ṣe aago oní-tùbíyọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí òun náà lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Aago àkọ́kọ́ tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní Hong Kong ní 2016 ní owó tó lé ní 1,400,000 dọ́là. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, UNESCO kọ iṣẹ́ ọnà ṣíṣe aago onísípíríǹgì, tí Swítsàlandì àti ilẹ̀ Faransé jọ ní, sínú ìwé àwọn àjogúnbá tí kò ṣe é fọwọ́ kàn, ìyẹn àwọn ìmọ̀ tí ọwọ́ kan ń gbà láti ọwọ́ mìíràn, tí ó sì lè parẹ́ bí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́.